Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tó Ní Gb Nínú

Nígbà tí mo kéré, tí Kétu tí ẹ ń wò yìí ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún lósì, lẹ́tà méjì péré ló mú mi kúrò ní iléèwé. Ẹ má káàánú mi o. Ẹ jókòó dáadáa kí n rọra sọ bó ṣe jẹ́, kì í ṣe ìtàn ẹkún.

Kíláàsì kẹta ni mo wà. Tíṣà wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìlà áyọ́ọ̀nù ara ṣòkòtò rẹ̀ lè gé iṣu. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán ná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ g, ó kọ b sójú pátákó, ó ní kí kálukú dìde, kó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí lẹ́tà méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí tiẹ̀, kó jókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá ti mú, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ mú un mọ́. Ni àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀: bag, big, beg, bug. Ìjókòó wọn là ń gbọ́, gbì, gbì, gbì. Ìlà ẹ̀yìn ni èmi wà. Kó tó kàn mí, wọ́n ti ṣa gbogbo rẹ̀ tán bí àgbálùmọ̀ tó já bọ́ sílẹ̀.

Ẹ sì rántí pé ABD Yorùbá la kọ́kọ́ kọ́. Lójú tèmi, g àti b kì í ṣe ẹni méjì, ńṣe ni wọ́n máa ń di ara wọn lọ́wọ́ mú rìn. Mo la ẹnu, mo ní, "Àgbàdo, sà."

Há! Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ nígbà míì tí mo bá dá wà. Tíṣà fọwọ́ di ikùn mú. "Àgbàdo di Gẹ̀ẹ́sì! Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu òyìnbó ò gba gb. Tí o bá rí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí g àti b ti dì mọ́ra, gbé e wá. Bí o ò bá rí i títí di ọjọ́ Ẹtì, kíláàsì kejì lò ń padà sí." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Àgbàdo Òyìnbó.

Bàbá mi sì ti búra pé ọjọ́ tí wọ́n bá dá mi padà sẹ́yìn, iléèwé tán nìyẹn, oko ni mo máa bá ìyá mi lọ. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn iléèwé. Òórùn ṣọ́ọ̀kì pàápàá, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Mo ka ara agolo mílíìkì, mo ka ara páálí ọṣẹ, mo ka bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà. Mo rí g, mo rí b, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wà ní Ìkòròdú, Èkó ni ìkejì máa wà.

Ọjọ́bọ̀ ni orí bá mi ṣe é. Bàbá kan ládùúgbò wa ń wa lọ́rì, gàrí ni wọ́n fi ń kó. Èmi ni mo máa ń pọnmi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Mo gbé omi dé, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbọn eruku ara àwọn ìwé ọkọ̀. Lẹ́tà ńláńlá wà lẹ́yìn ọ̀kan: LOGBOOK. Mo kà á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà, mo pariwo, "Ló-gbó-ò-kú!"

Bàbá náà yíjú padà wìrì. "Kí ló gbó? Kí ni ò kú? Ọkọ̀ mi lò ń bú?"

Mo ní mi ò bú u, ìwé ni mo ń kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Lọ́ọ̀gì-búùkù ni, ọmọ mi. Ìwé tí a fi ń kọ ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀ ni. Àmọ́ ọkọ̀ tèmi yìí, ló-gbó-ò-kú ni lóòótọ́!"

Mo tẹjúmọ́ ọn bóyá àlàfo wà láàárín g àti b. Abẹ́rẹ́ ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo dà á kọ sórí síléètì mi, mo gbé e sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé síléètì náà fún tíṣà, ó wò ó. Ó ní, "Log ọ̀tọ̀, book ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì lo lẹ̀ pọ̀. Nù ún dànù, kí o sọ pé o ṣì í, màá jẹ́ kí o dúró ní kíláàsì mi."

Ṣé ẹ rí i pé ó ṣílẹ̀kùn fún mi? Itọ́ díẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ni mo nílò. Mo wo síléètì náà. Mo ní, "Sà, ẹ ní kí wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n dì mọ́ra."

"Mo ní kí o nù ún!"

"Mi ò nù ún, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ìdí ebè ẹ̀gẹ́ ìyá mi ni mo wà. Ìyá mi bi mí pé, "Ṣé itọ́ ni ò sí lẹ́nu rẹ ni?" Mo ní itọ́ wà, irọ́ ni ò sí.

Ẹ lè sọ pé mo gọ̀. Ọ̀pọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ta tòmátì ní Mile 12 títí eékún fi ní ó tó, gbogbo ọmọ mi ló sì kàwé. Kò sí ọjọ́ kan tí mo jí láàárọ̀ tó dùn mí pé mi ò nu síléètì yẹn.

Ayé ti yí. Ibi tí ebè ìyá mi wà ti di ilé alájà, fóònù ń dún lápò gbogbo èèyàn. Kò sí síléètì mọ́, bíírò àti pẹ́ńsù lọmọdé ń lò. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé iṣẹ́ àmúrelé dé: kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá tí g àti b wà nínú wọn. Mẹ́sàn-án ló rí. Mo ní, "Kọ ló-gbó-ò-kú."

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o!" Mo pe lẹ́tà rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí díṣọ́nárì, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. "Yéè! Ó wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

Mo ní mo mọ̀. Mi ò tilẹ̀ yọjú wò ó.

Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Màmá, tí Uncle wa níléèwé bá ní kò sí ńkọ́? Ṣé kí n kúkú pa á rẹ́?"

Tíṣà ti lọ, bàbá onílọ́rì ti lọ, lọ́rì náà ti di irin jíjẹrà. Èmi ni mo gbó tí mi ò kú. Mo gba rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sí etí ìró mi, mo ta á ní kókó.