Tíṣà Tún-un-kà Tó Ń Kọjú Sí Ògiri

"Mà, kí ló dé tí ẹ máa ń kẹ̀yìn sí wa tí a bá ń kàwé?"

Kíláàsì kẹta ni ọmọbìnrin náà wà nígbà náà. Òun tí ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹ̀fọn lọ ló la ẹnu bi tíṣà ní irú ìbéèrè yìí! Tíṣà ò tilẹ̀ yíjú kúrò lára ògiri.

"Tún un kà," ló fi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sọ ọ́ di Tíṣà Tún-un-kà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ṣọ́ọ̀kì kì í tán ní ìka rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló máa ń fún ọmọ lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ lọmọ sì gbọ́dọ̀ kà á sókè. Ìkíní á dà bíi ti ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún. Tó bá fi máa di ìkẹrin, ọ̀rọ̀ á ti máa tẹ̀lé ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹni tó ń ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà," a máa wí, "tó bá dé ìparí, á ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀."

Ọmọbìnrin yìí ló lọ́ra jù. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ti là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá mọ ìwé kà dáadáa kí sáà tó parí, kò ní gòkè sí kíláàsì kẹrin. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà ní kíláàsì kejì, sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀ wá bá yín o! Ẹ ṣáà bá mi fi àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì."

Ọmọ náà tẹpá mọ́ṣẹ́. Nígbà tó máa ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n dán an wò, ó ka ìtàn ewúrẹ́ tó já sí kànga, ó dùn ún gbọ́ gan-an. Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un láti ibi ògiri.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá àgbà ṣí ìwé sí ìtàn ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ tẹjú mọ́ ọn, ó la ẹnu, ó ní: "Ewúrẹ́ kan wà..."

"Ewúrẹ́ wo ló wọ ọkọ̀ ojú omi?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀gá àgbà.

Àṣé ńṣe ló há a sórí. Tíṣà tó ń fetí nìkan ṣọ́ ọmọ kò mọ̀ pé ojú ti kúrò lára ìwé tipẹ́.

"Ẹ̀bi mi ni, sà," ni tíṣà wí. "Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe tí ẹ ò lè fi odindi sáà ṣe?"

"Ẹ ṣáà fún wa ná."

Láti ọjọ́ náà, kí aago tó lù láàárọ̀, àwọn méjèèjì á ti wà ní kíláàsì. Ojú ìwé tuntun lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn tíṣà á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, nígbà mìíràn láti ìlà tó kẹ́yìn, kí orí má baà gba iṣẹ́ ojú ṣe. Bí ọmọ bá sunkún, á ní kó nu ojú, kó tún un kà. Síbẹ̀, ògiri ló ń kọjú sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Ọ̀gá àgbà ṣí ìwé síbi tó wù ú. Ọmọ kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbéra, ó sì kà á délẹ̀. Ó gòkè. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn.

Lẹ́yìn ọdún méje, ọmọbìnrin náà wá ran tíṣà lọ́wọ́ nígbà ìsinmi. Ọmọ kékeré kan ń kàwé fún un, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ọmọbìnrin náà kò mọ ìgbà tí òun fajú ro. Kíá lọmọ gbójú sókè wò ó, ó pa ọ̀rọ̀ náà dà. Ó tún wò ó, ó tún pa á dà.

Ọwọ́ tó kún fún ṣọ́ọ̀kì bà lé èjìká ọmọbìnrin náà, ó rọra yí i sí ògiri.

"Ṣé o rántí ohun tí o bi mí?" ni tíṣà wí. "Ojú mi ò mọ irọ́ pa. Bí ẹ bá ṣì í, á fà ro. Ẹ ó wá pa ìwé tì, ẹ ó máa ka ojú mi. Bẹ́ẹ̀ mi ò ní bá yín lọ sí kíláàsì kẹrin."