Òkè Inú Àpótí Ìyá Oníyanrìn

Ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ní yunifásítì sín lẹ́ẹ̀kan péré, ikùn rẹ̀ gbá tábìlì, odindi òkè wó. Ìyá Oníyanrìn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n rọra ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin náà. "Ẹ lọ sín èyí tó kù níta, sà. Ẹ jẹ́ kí n ráyè tún ilẹ̀ ayé tò."

Inú àpótí onígíláàsì lòkè náà wà o. Ìyá á tẹ́ yanrìn pupa, wọ́n á tẹ́ funfun lé e, wọ́n á tẹ́ dúdú lé e. Ẹ̀rọ kékeré kan á wá máa ti pátákó láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Ẹ wá wo nǹkan. Yanrìn á ká, á ṣẹ́, ìpele kan á gun òmíràn lẹ́yìn, òkè á yọrí, gẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ṣe ń fún ara rẹ̀ pọ̀ títí tó fi ń di òkè gidi. Iṣẹ́ tó ń gba ilẹ̀ ní àìmọye mílíọ̀nù ọdún, wákàtí mẹ́fà ni Ìyá fi ń ṣe é, wọ́n á tún jẹun láàárín.

Ẹni ọgọ́ta ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń fi yanrìn yìí wá oyè ọ̀mọ̀wé. Àbúrò wọn, káfíńtà tó kan àpótí náà, ò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń ṣe lẹ́yìnkùlé lẹ fẹ́ fi gboyè?"

"Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta ń wọn tirẹ̀ ni?"

Ọ̀gá ẹ̀ka ò ṣàwàdà ní tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kó sí yàrá tí àpótí wà. Ó ní bí òkè ò bá tẹ́ olùdánwò tó ń bọ̀ láti òde lọ́rùn, kí Ìyá gbàgbé oyè, kí wọ́n sì palẹ̀ yanrìn mọ́. Olùdánwò dé, ó fi rúlà wọn òkè: ibi mẹ́ta tí yanrìn ti ṣẹ́ bá ohun tí Ìyá kọ sínú ìwé wọn mu. "Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́," ló wí. Ibi tó ti fẹ́ tún un wọ̀n ni ọ̀gá ti sín, tí òkè wó.

"Ó mà ṣe o, Màmá. Wákàtí kan péré ló kù tí mo ní," ni olùdánwò wí.

"Òkè ò ní aago, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá wọ́n omi sí òkè tuntun kó lè dì, wọ́n fi ọ̀bẹ búrẹ́dì là á. Ibi mẹ́ta yẹn náà ló tún ti ṣẹ́, kò yẹ̀ rárá. Wọ́n kọjú sí ọ̀gá ẹ̀ka, tó ti rọra yọjú padà. "Ẹ ṣé o, sà. Ẹ̀rí kan ni mo ní láàárọ̀. Ẹ ti bá mi sọ ọ́ di méjì."

Wọ́n gboyè. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tún fi gbé òkè dìde nínú yàrá yẹn, tí kọ̀ǹpútà ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ìyá kú, òkè kan wà nínú àpótí tí kò tíì yọ ju ìdajì lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò wọn wá tú àpótí náà. Ó bá ọ̀gá ẹ̀ka níbẹ̀, ó ti tún tan ẹ̀rọ, ó jókòó ti òkè náà.

"Kí lẹ ń dúró dè, sà?"

"Ìyá kì í fi òkè sílẹ̀ lóun nìkan."

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀, ó fa àga kejì.