Orin Tí Ìyá Mi Fi Gbẹ̀san

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ní ọsibítù Blanchardstown, mò ń retí kí wọ́n pè mí, nígbà tí orin kan dún jáde láti inú fóònù nọ́ọ̀sì ará Íńdíà kan tó ń kọjá lọ. Ọmọ mi obìnrin rí i pé ojú mi yí padà. "You grand, Mammy?" ló bi mí, bóyá ara mi dá. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ìbínú àtijọ́ ló dé, ìbínú tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò bá wa gbé àdúgbò Corduff ní Dublin, nílẹ̀ Ireland, láyé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ bí omi níbẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Tó bá ti wọlé, kó tó bọ́ bàtà, á ti tẹ rẹ́kọ́dà tó wà ní kíṣìnì. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú rẹ̀: àwọn orin fíìmù Íńdíà kan tó dá lórí ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó fọ́n ká. Nígbà tí òun àti Sìdí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, wọ́n máa ń lọ wò ó ní sinimá, wọ́n á sunkún títí ojú wọn á fi wú. Wọn ò gbọ́ Híńdì rárá, síbẹ̀ wọ́n mọ gbogbo orin náà lórí. Sìdí ń kọ ti ìyá, ìyá mi ń kọ ti ọmọ tó ń dáhùn. Bí ará Íńdíà bá gbọ́ wọn, bóyá á rò pé wọ́n ń bá ara wọn jà ni.

Àǹtí Sìdí náà ń gbé Corduff, kò jìnnà sí wa. Nígbà tí bàbá mi bá obìnrin mìíràn lọ sí London, òun nìkan ni ìyá mi sọ fún. Fún àwa ọmọ, iṣẹ́ ló gbé bàbá wa lọ. Àfi bí obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí ṣe di ìyá mi lọ́wọ́ mú ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́hun á fún yín ní ọkọ tó dáa ju ìyẹn lọ." Bí mo ṣe mọ̀ pé bàbá mi ò ní padà wá mọ́ nìyẹn.

Ìyá mi ò pariwo. Ó ń kí Sìdí, ó sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Sìdí pe èrò sílé fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, tó ní kí ìyá mi mú kásẹ́ẹ̀tì náà dání kí òun lè jó, ìyá mi ní, "Ó ti parí. Màá mú un wá."

Lọ́jọ́ náà, pálọ̀ kún fọ́fọ́. Sìdí bọ́ sáàárín nínú léèsì tuntun, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ohùn ààfáà kan ló bú jáde: "Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń tú àṣírí ọ̀rẹ́ yín, ẹran òkú lẹ̀ ń jẹ!"

Ìyá mi ti gba wáàsí lé orin náà lórí, lójú kásẹ́ẹ̀tì náà méjèèjì. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní òmíràn!

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ kó sunkún bí mo ṣe sunkún. Omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orin náà. Ẹnì kan pa rẹ́kọ́dà. Sìdí kọ ti ìyá tán, ó wá dúró, ó ń wo ìyá mi.

Ìyá mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ àga, ó ń lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sì dáhùn. Ni àwọn obìnrin bá gbè é, ará Ìlọrin, ará Èkó, ará Òṣogbo, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n látilé.

Bí orin ti parí, Sìdí nawọ́ sí i. "Ràmọ́tà, foríjì mí." Ìyá mi mú báàgì rẹ̀, ó sọ fún àwa ọmọ pé, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Sìdí fi kó kúrò nílùú.

Ilé pọ̀ ní Corduff báyìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà sì ti fọ́n ká. Ìyá mi ti darúgbó, ó sì ń kọ orin yẹn tó bá ń ká aṣọ, ti ọmọ nìkan, á dákẹ́ díẹ̀ níbi tí ti ìyá yẹ kó wà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti wá dárí ji Àǹtí Sìdí ni?"

Kò gbójú sókè. "Orin yẹn ò ṣẹ̀ mí," ló wí.