Ọjọ́ Tí Rédíò Gé Ọ̀rọ̀ Bàbá Ọdẹ́wálé

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ìdìbò ìkẹyìn, kí àwọn sójà tó tún gbàjọba, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ṣakí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí inú mi kì í dùn bí oníròyìn bá dé àárín wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ nílùú. Omi ẹ̀rọ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ilé ìwòsàn àdúgbò wa kò ní dókítà. Ìyá Túnjí, nọ́ọ̀sì, ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, aboyún tó bá sì ń rọbí ní láti gbé omi tirẹ̀ dání wá. Èyí tí apá Ìyá Túnjí ò bá ká, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ń sáré gbé e lọ, lórí ọ̀nà eléruku tó kún fún kòtò. Bí a bá sì dé Ìbàdàn láti ráhùn, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Wọn a ní, "Ẹ̀yin ará Ṣakí! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe fàyàwọ́ láti ilẹ̀ Faransé, kí lẹ tún ń wá lọ́wọ́ ìjọba?" Nítorí pé ẹnubodè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ Faransé kò jìnnà sí wa, wọ́n gbà pé olówó abẹ́lẹ̀ ni gbogbo wa.

Ẹgbẹ́ wa ló ránṣẹ́ pe àwọn oníròyìn. A rò pé bí ìlú bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tó wà lókè yóò gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ilé iṣẹ́ rédíò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ wa, ó ní, "Ẹ sọ bí ayé ṣe rí fún yín níbí, àti ohun tí àwọn ará ìta ń sọ nípa ìlú yín."

Ìyá Túnjí ló kọ́kọ́ dìde. "Obìnrin kan láti Ogbooro kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn láìpẹ́ yìí. Kì í ṣe oyún ló pa á. Ọ̀nà ló pa á."

Bàbá Ọdẹ́wálé ló tẹ̀ lé e. Ọdẹ ni Bàbá, ẹlẹ́sìn Ògún, kò sì sí ẹni tó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín tó o ní gbogbo àdúgbò.

"Wọ́n ní fàyàwọ́ ni wá," ó ní. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. "Ó dáa. Fàyàwọ́ ni wá! Ẹ wá wo gìgísẹ̀ mi bó ṣe sán. Ṣé gìgísẹ̀ olówó nìyí? Ẹ bá mi bi wọ́n ní Ìbàdàn, ibo ni mo kó ọrọ̀ náà sí tí ìyàwó mi fi ń bá ewúrẹ́ du omi inú àpáta?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A pàtẹ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, ojúlé Bàbá la pé sí. A ò gbọ́ ohùn Ìyá Túnjí. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ omi. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló ní àwọn ará Ṣakí ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́, ohùn Bàbá sì dún ketekete: "Fàyàwọ́ ni wá!" Ẹ̀rín wa tẹ̀ lé e, àtẹ́wọ́ wa tẹ̀ lé e. Ó parí.

Bàbá pa rédíò náà. Ó wò mí. "Tíṣà, ìyókù ọ̀rọ̀ mi dà?"

Èmi àti Ìyá Túnjí wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá bá wa lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ rédíò, kò lè wò wá lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi kọ́ ni mo gé e. Wọ́n ní ìdìbò ń bọ̀, a ò gbọdọ̀ gbé ohun tó máa tàbùkù ìjọba."

"Ìlú tiwa ńkọ́?" Ìyá Túnjí bi í.

"Ẹ má bínú, mà." Ó wọlé padà.

Nígbà tí a máa fi padà dé, ìlú ti kẹ̀yìn sí Bàbá Ọdẹ́wálé. Àwọn tí kò sí lábẹ́ máńgòrò gba rédíò gbọ́ ju àwa tó wà níbẹ̀ lọ. Ọmọ tó tó bí lọ́mọ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pè é ní "ìwọ": "Ìwọ lo ta ìlú!" Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Bàbá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n já a gbà, wọ́n là á mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa pe ìwọ́de lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fún wa lómi àti dókítà. Mo bẹ Bàbá kó jókòó sílé.

"Ohùn mi ni wọ́n jí, Tíṣà," ó dáhùn. "Ara mi ni mo fẹ́ gbé lọ bá wọn."

Iwájú ló rìn sí. A ò tíì dé géètì tí ọlọ́pàá fi yin tajútajú sí wa. Bí a ṣe ń sá, tí a ń wúkọ́, mo rí wọn tí wọ́n wọ́ Bàbá sínú ọkọ̀. Ọ̀gá wọn ń pariwo pé, "Òun nìyí! Onífàyàwọ́ tó jẹ́wọ́ lórí rédíò!" A rojọ́, a pariwo, a wá lọ́yà. Nígbà tí wọ́n yóò fi tú u sílẹ̀, ó ti rù kan eegun, ikọ́ ò jẹ́ kó sùn. N kò gbọ́ àwàdà kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sin ín. Àwọn aládùúgbò kò pọ̀ níbẹ̀.

Kí wá ni èrè wa? Bí ìdìbò ṣe kù díẹ̀, wọ́n wá gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan fún wa, àwọn ènìyàn sì jó yí i ká. Wọ́n ka ìbò wa bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Sójà dé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìwọ́de mọ́. Dókítà kan wá, ó wo ibi tí a gbé e sí, ó lọ. Ìyá Túnjí fẹ̀yìn tì láìrí ẹlòmíràn.

Mo ti wá ẹni tó máa sọ lórí rédíò pé Bàbá kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. N kò rí i. Gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀, àwọn tó jẹ ẹ́ sì ti ń kú tán.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo pàdé Ṣadé, ọmọbìnrin Bàbá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó fún mi ní àga. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ ohùn wa, ó bi í pé, "Ọmọ ibo tiẹ̀ ni yín gan-an?"

Ṣadé wojú mi, ó wolẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá."