Áńpù Tí Wọ́n Gbàdúrà Lé Lórí

Inú ṣì ń bí mi. Mo kọ ìyẹn ṣáájú ohunkóhun mìíràn, torí àwọn ará ilé wa ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, pé áńpù lásán ni, pé ọmọ tó ti gba dìgírì kò yẹ kó jẹ́ kí àpótí kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àgbà. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi. Mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí bí mi ò bá ṣàlàyé, wọ́n á ní ìgbéraga ni.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan tó ń kọrin ní Àgọ́-Ìwòyè ló ń wá ẹni tó máa bá wọn ta gìtá. Wọ́n gbọ́ mi níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ Sátidé kí àwọn tún gbọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n gbé áńpù tèmi wá, ìyẹn àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, torí ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ ti gbé tirẹ̀ lọ. Ohùn méjì ni wọ́n fẹ́ lára áńpù náà. Èkíní ni ohùn tó mọ́ kedere, tí èèyàn á máa gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan bí omi tó ń kán sínú abọ́. Èkejì ni ohùn líle, èyí tí áńpù máa ń mú jáde nígbà tí a bá ti agbára wọ inú rẹ̀ ju èyí tó lè gbà lọ, tí á wá máa bú ramúramù. Wọ́n ní bí mi ò bá lè mú méjèèjì wá, ẹnì kan wà ní Ìlápòrú tó ní áńpù, òun làwọn máa mú.

Láti ìgbà tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ìwé ìwáṣẹ́ ni mò ń kọ. Gbogbo ibi tí mo kọ ọ́ sí ló dákẹ́. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti sọ fún mi pé kí n máa bọ̀ ni Àgọ́-Ìwòyè yìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí èyí náà bá bọ́, mi ò ní mọ ohun tí mo lè pe ara mi mọ́.

Nílé wa ní Òkè-Ṣọpẹ́n, èèyàn kì í dá ra ohun tó bá tóbi ju bàtà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, fìríìjì tàbí ọ̀kadà gbọ́dọ̀ mú àgbà dání. Àgbà náà ló máa sọ̀rọ̀, òun ló máa dúnàá dúrà, òun náà ló máa gbé ọwọ́ lé ọjà náà tí á gbàdúrà. Bí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bá ti ṣe "Àmín," ó parí. Ẹnikẹ́ni kì í dá a padà mọ́. Ó lè dára fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ni ti ẹni tó ń fi etí ra nǹkan?

Àbúrò bàbá mi ló bá mi lọ. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, Dádì Tíṣà sì ni gbogbo wa ń pè é. Èèyàn dáadáa ni. Òun ló ra gìtá àkọ́kọ́ fún mi. Ìdí nìyẹn tí ìbínú yìí fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀, torí mi ò lè bínú sí i tán kí n má rántí gìtá yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Òjòwò. Ẹrù tòkunbọ̀ kún inú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà: fáànù, kíbọọ̀dù tí eyín rẹ̀ ti yọ, sípíkà ńláńlá tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jọ ń rà. Ọlọ́jà náà kò wò mí lójú.

"Alàgbà, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé fún ẹgbẹ́ akọrin ni?"

"Fún ọmọ mi obìnrin yìí ni. Gìtá ló ń ta."

"Háà! Obìnrin! Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́ dùùrù o. Gìtá á ba èékánná ẹ̀ jẹ́."

Dádì Tíṣà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé áńpù dúdú kan síwájú wa, ó ga tó orúnkún mi, ó ń dán. Ó ki gbohùngbohùn bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀: "Hẹlóò! Hẹlóò! Wọ́n, tú! Wọ́n, tú!" Ohùn rẹ̀ dé òdìkejì títì.

"Ó lágbára," Dádì Tíṣà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "gìtá ni mo fẹ́ fi dán an wò. Èyí tó lè mọ́ kedere, tó sì lè bú, ni mò ń fẹ́."

"Ṣé ohun tó gbé ohùn èèyàn ni kò ní gbé ti okùn?" Èmi ni ọlọ́jà ń dá lóhùn, ṣùgbọ́n Dádì Tíṣà ló ń wò.

Mo ki waya gìtá mi bọ̀ ọ́. Mo yí bọ́tìnì agbára rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, mo fi ti ohùn sí ìwọ̀nba, mo wá ta okùn tó nípọn jù. Ó ń gbọ̀n gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ìwé bá há sára fáànù. Bí ohùn líle bá wá láti inú agbára, ó yẹ kó lọ nígbà tí a bá yí agbára wálẹ̀. Èyí ò lọ. Ohùn tó mọ́ kò sí lára áńpù yẹn rárá.

"Sípíkà inú ẹ̀ ti ya, sà," mo ní.

"Sístà, ṣèbí ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ń fẹ́ èyí tó ń bú? Ó bú fún yín tán, ẹ tún ń ráhùn. Alàgbà, ṣé ẹ rí àwọn ọmọ ìwé yìí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Dádì Tíṣà ní. "Bó ṣe máa ń yẹ ẹja wò nínú àwo ọbẹ̀ náà nìyẹn, bí ẹni pé ẹja jí nǹkan ẹ̀."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Owó tí wọ́n fẹ́ ná, èmi ni mo kó o jọ. Etí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, tèmi ni.

Kí n tó tún la ẹnu, Dádì Tíṣà ti dúnàá dúrà tán, ó ti gbé ọwọ́ lé orí áńpù náà. Ó gbàdúrà pé a ó lò ó pẹ́, pé kò ní jóná mọ́ wa lọ́wọ́, pé ibi tí a bá gbé e dé, ojú rere la ó rí. Ọlọ́jà ṣe "Àmín" tagbáratagbára. Obìnrin oní-POS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ọ̀nà ṣe "Àmín." Èmi náà ṣe é. Láti kékeré ni ẹnu mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Ohun tí mo ń bínú sí jù nìyí, ju irọ́ ọlọ́jà lọ: pé etí mi gbọ́ òótọ́, ẹnu mi sì tẹ̀lé àwọn tí kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí a délé, mo tú pákó tó bo ẹ̀yìn áńpù náà. Ìwé sípíkà ti ya láti etí dé àárín, ẹnì kan sì ti fi gọ́ọ̀mù àti ègé ìwé ìròyìn lẹ̀ ẹ́. Mo pe Dádì Tíṣà kó wá wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ iṣẹ́," ló sọ, ó sì jáde.

Mo sunkún. Ẹkún ìbínú ni, mo fẹ́ kó yé yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ yẹn ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo gbé áńpù náà sórí ọ̀kadà, mo dá lọ sí Òjòwò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Alàgbà ńkọ́?" ọlọ́jà béèrè.

"Èmi nìkan ni."

"Háà, sístà! Ọjà tí wọ́n ti gbàdúrà lé lórí? Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún Ọlọ́run pé ẹ ti yí ọkàn padà ni?"

"Àdúrà náà ni pé ká lò ó pẹ́," mo ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Àmín, ẹ mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ló wà nínú ẹ̀. Kí lẹ wá ń ṣe Àmín sí?"

"Yéè!" obìnrin oní-POS kígbe. "Ọ̀rọ̀ rèé o!"

Ọlọ́jà pe Dádì Tíṣà lórí nọ́ńbà tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rajà, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni Dádì Tíṣà fi bá mi wí, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í sọ ọ́ sí àwa ọmọ àfi bí inú bá bí i gan-an. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ káàkiri Òjòwò pé òun ò mọ ọjà rà. Ó ní kí n gbé ẹrù mi, kí n máa bọ̀ nílé.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní. "Mi ò lè gbé e."

Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láyé mi. Mo jókòó sórí áńpù náà.

Obìnrin oní-POS ló gbà mí. "Ẹ fún un ní òmíràn, kó máa lọ," ló sọ fún ọlọ́jà. "Àwọn èèyàn ti ń dúró wò wá."

"Owó ò ní padà," ọlọ́jà ní. "Mú òmíràn, kí o kúrò níwájú mi." Ó ti dẹ́kun ẹ̀yin, ó ti di ìwọ.

Mo lò ju wákàtí kan lọ níbẹ̀. Áńpù àkọ́kọ́ tí mo dán wò mọ́ lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi agbára kún un, ariwo rẹ̀ kàn ń pọ̀ sí i ni, kò bú. Èkejì bú dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń hó ṣùùù lábẹ́ ohùn tó mọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń dín àkàrà. Ẹ̀kẹta kò ṣeé wò. Awọ ara rẹ̀ ti bó, ìdìmú rẹ̀ ti já, okùn ni wọ́n fi so ó. Mo yí agbára wálẹ̀, ohùn okùn kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo yí i sókè díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, ó kùn, ó bú. Mo rọra ta gìtá, ó tún mọ́. Mo ta á kíkankíkan, ó tún bú. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, mo fi ìka yí etí sípíkà náà ká. Kò sí gọ́ọ̀mù.

"Èyí tó burú jù lo mú yẹn," ọlọ́jà ní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ẹni tó rẹ́ mi jẹ, torí ó dàgbà jù mí lọ. Inú ń bí mi sí orúnkún ara mi títí mo fi dé Òkè-Ṣọpẹ́n.

Ní Sátidé, onílù wọn ní Àgọ́-Ìwòyè ní, "Jẹ́ ká gbọ́ èyí tó mọ́ ná." Mo ta á. Wọ́n ń mi orí sí i. "Ó dáa, wá bú mọ́ wa!" Mo bú mọ́ wọn. Gbogbo ohun tí mi ò lè sọ fún Dádì Tíṣà ni mo fi ọwọ́ sọ níbẹ̀. Onílù dá ọwọ́ dúró.

"Àǹtí," ló ní, "ta ló ṣẹ yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Ọjọ́rú, kí n bá wọn bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn níbì kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí Dádì Tíṣà, kì í dá mi lóhùn. Màmá mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́, pé ọmọ kì í dá àgbà lẹ́bi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lè bẹ̀ ẹ́ pé mo dójú tì í lójú àwọn ará Òjòwò. Ìyẹn ń dùn mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí n sọ pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo yí padà láìkan ilẹ̀kùn.