Ìwé Ogun Méjì Lórí Tábìlì Kan ní Ṣomólú

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ wó ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí idà àtijọ́ kan sì jáde nínú amọ̀. Ó ní kí n bá òun gbé e lọ síbi omi. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Ó fà mí dé orúnkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá idà kiri: mò ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n, mò ń fi okùn wọn gígùn wọn, mò ń bi àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń pọ́n ojú wọn. Nígbà tí mo wá kọ ìwé tèmi, ìtàn Balógun Àjàgbé tó ń ṣọ́ ibodè lọ́wọ́ oṣó kan tó ń rán òjìji àwọn òkú kọjá odò wá jagun, kò sí idà kan nínú rẹ̀ tí n kò mọ bó ṣe wúwo tó.

Kúnlé náà kọ tirẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa ni, àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, Fola Agoro ní Èkó ló ń gbé báyìí. Òun náà kọ ogun ibodè, òun náà kọ oṣó, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́kọ́ fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ hàn án. Ẹgbẹ́ òǹkàwé ìlú wa sì ti ní ìwé kan péré ni àwọn yóò kà pa pọ̀ lọ́dún yìí: èyí tó bá kọ́kọ́ dé orí tábìlì ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi. N kò fẹ́ kó jẹ́ ti Kúnlé rárá, èyí ló sì ń dùn mí jù.

Ìdájí Ọjọ́rú ni mo wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Takíè, mo ń lọ tẹ ìwé mi ní Ṣomólú ní Èkó, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà. Kòtò ló pọ̀ jù lójú títì títí a fi dé Ọ̀yọ́. Awakọ̀ bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe ní Èkó, mo sì ro ìtàn náà fún un. Ó bi mí bóyá obìnrin wà nínú rẹ̀. Mo ní kò sí. Ó tan rédíò, òun ló sì ń gbọ́ títí dé Ìbàdàn.

Ní ìlú wa, òǹtẹ̀wé kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti Ṣomólú yàtọ̀. Ẹnì kan ń ṣe pléètì, ìyẹn páànù tí wọ́n ya ọ̀rọ̀ sí. Ẹlòmíràn ń tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ń ká a. Ẹlòmíràn ń fi wáyà gún un, ó sì ń gé etí rẹ̀. Ìwọ oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó ni ìwé, lo máa gbé e láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, láàárín ariwo ẹ̀rọ àti òórùn yíǹkì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mo ti gbé tèmi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Wálé, olórí àwọn obìnrin tó ń ká ìwé. Wọn kì í fi orúkọ ìwé mọ iṣẹ́. Ìlú oníṣẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ó bi mí pé ará ibo ni mí. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tọ́ka sí ibi tí n ó gbé e sí.

Àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà ni mo sùn, lọ́dọ̀ àǹtí mi tí apẹja fẹ́. Pupurú àti ẹja tútù ni wọ́n fi ṣe mí lálejò. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì yan lórí èéfín, ni pupurú. Ẹni tó bá ń jẹ láfún nílé wa kò ní ṣàjèjì sí i, àfi èéfín yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá ìwé Kúnlé lórí tábìlì kan náà. Àwọn obìnrin náà ń ká a, wọ́n tún ń kà á sókè: ọmọbìnrin kan, Àbẹ̀kẹ́, fi ọwọ́ kan mú idà jà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń nu ojú. Kò sẹ́ni tó ń ka tèmi sókè. Mo sọ fún wọn pé kò sí ọmọbìnrin tó lè fi ọwọ́ kan mú irú idà bẹ́ẹ̀ jà fún wákàtí kan.

Ìyá Wálé kò gbójú sókè. "Bọ̀dá Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé òjìji òkú tiyín ló wá ṣeé ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gún ogójì. Mo ṣí ọ̀kan. Títí dé ojú ìwé kejìdínláàádọ́ta, tèmi ni. Balógun wọ inú igbó òjìji lọ. Mo ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, Àbẹ̀kẹ́ ló jáde. Gbogbo ogójì ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Wálé ní iṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni méjèèjì, ìwọ̀n wọn dọ́gba, nọ́ńbà ojú ìwé sì tẹ̀ léra. "A rò pé oṣó ló sọ Balógun di obìnrin ni. Ó sì dùn mọ́ wa."

Kúnlé dé. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ìdì bébà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa ju tèmi lọ."

Bó ṣe rọrùn fún un láti sọ ọ́ ló bí mi nínú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní jáde lẹ́nu mi láé. Mo ní kí wọ́n tú u. Wọ́n ní ẹni tó ń gún wáyà ti rìnrìn àjò, ó di ọjọ́ Ajé.

"Ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà," ni Kúnlé wí, "kí wọ́n gbé ìwé ẹlòmíràn sórí tábìlì lọ́la."

Mo gbé ogún nínú wọn lọ sílé. Nínú ọkọ̀, mo ka apá ti Kúnlé láti wá àṣìṣe. Mo rí idà mẹ́ta tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbàgbé láti máa wá a.

Ní ọjọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ òǹkàwé ka àdàlù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì yìn mí pé mo gbọ́n láti sọ Balógun di obìnrin. Mo tọ́ka sí orúkọ Kúnlé tí mo fi bírò kọ sẹ́yìn ìwé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lọ́nà yìí ni pé èmi nìkan ni ìwọ̀n idà ń jẹ lọ́kàn. Ohun tí ẹni tó dì í mú ń jà fún ni àwọn tó ń kàwé ń bi mí.

Àwọn ìwé tó pé, tèmi lọ́tọ̀, ti Kúnlé lọ́tọ̀, ti dé. Títí di àná, àdàlù ti tán pátápátá, mo sì ti ta mẹ́tàdínlógún nínú tèmi. Kúnlé ti ta méjìlélógún.