Ọjọ́ Tí Wọn Ò Pe Orúkọ Mi, Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lápò Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i o! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an. Kì í ṣe pé ẹnì kan wá sọ fún mi, kì í ṣe pé mo rí i lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, kò rí nǹkan kan!

Ẹni tó mọ̀ mí ní Kamazou, ládùúgbò wa ní Kaduna, mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọmọ Kàbbà ni mí. Ìwé mi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé àdúgbò wa, búlọ́ọ̀kù ta ni wọ́n fi kọ́ wọn? Tèmi ni! Fẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, èmi ni mo mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wọ́n fi mí sí nínú ìjọ. Ẹnu géètì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Kaduna mọ ohun tí mò ń sọ. Látìgbà wàhálà bọ́ǹbù, kò sí ìjọ tí kò ní àwọn ọkùnrin tó ń dúró síta lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n ń tú báàgì, tí wọ́n ń yẹ bùútù mọ́tò wò. Èmi ni olórí tiwa. Bí àwọn èèyàn bá ń jó nínú ilé, èmi ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Inú oòrùn ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù.

A sì ní àṣà kan. Bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìta, kí ẹni ibi má baà yọ́ wọlé. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan là ń ṣí sílẹ̀. Ta ni kọ́kọ́rọ́ ń wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èmi náà ni.

Nígbà tí Pásítọ̀ kéde pé wọ́n máa yan alàgbà tuntun, mo mọ̀ pé ó ti kàn mí. Ta ló tún kù? Mo ti ra bàtà sílẹ̀.

Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Pásítọ̀ rí mi lọ́nà, ó yára gbé fóònù sétí, fóònù tí kò dún! Akọ̀wé ìjọ ń kí mi ju bó ṣe máa ń kí mi lọ. Ẹni tó bá ń kí ọ ní àkíjù, ó ní nǹkan níkùn! Wọ́n tún ń pe Arákùnrin Fẹ́mi sípàdé, ọkùnrin ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì nínú àdúrà.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti ń dìtẹ̀ mọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tóbi, ẹ má fura sí gbogbo ayé. Ọlọ́run tó fi yín sẹ́nu géètì ń rí yín níbẹ̀."

Mo ní ṣé Ọlọ́run ló fi mí síbẹ̀ ni, àbí akọ̀wé?

Ọjọ́ náà pé. Gbogbo àwọn ọmọ abẹ́ mi tá a jọ ń ṣọ́ géètì ló sá wọlé lọ ya fọ́tò. Ó ku èmi nìkan. Ìwàásù parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, mo sì ń gbọ́ ọ lórí sípíkà tó wà níta. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ pè? Fẹ́mi! Wọ́n pe òmíràn, wọ́n pe òmíràn. Mo na etí. Mo tún bàtà mi ṣe. Wọ́n ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ti parí!

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, bó bá jẹ́ yín ńkọ́? Ọkàn mi gbóná. Mo béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run bóyá Ó mọ̀ mí rárá. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, mo fẹ́ gbé e kọ́ ara géètì kí n wọ mọ́tò mi máa lọ. Bó bá di Mando, ní òdìkejì ìlú, mà á wá ìjọ mìíràn!

Ibi tí mo ti ń na ọwọ́ ni mo ti rí ọmọkùnrin kan lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Máírúwà ni, àwọn Hausa tó ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri nínú ọmọlanke tí à ń pè ní kúrá. Ó dúró. Kò polówó, kò lọ. Kí ló ń dúró dè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó kún fún èèyàn?

Ara bù mí máṣọ. Mo gbàgbé ìbínú, mo ti kọ́kọ́rọ́ padà sápò, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo fi Hausa bi í léèrè ẹni tó rán an. Ó ní Sani lorúkọ òun, pé obìnrin tó ń se ìrẹsì àwọn alàgbà ló ní kí òun gbé omi wá, òun ò sì rí i. Irọ́! Ta ni ò lè sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kó ṣí gbogbo kẹ́ẹ̀gì náà, kó bu omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan mu lójú mi.

Ó mu. Mo nawọ́ sí òmíràn, ó mu. Mo nawọ́ sí òmíràn.

"Haba, Baba, na ƙoshi!" Ó ní òun ti yó. Ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kai ba ka yarda da kowa ba!" Pé èmi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣì wà láyé. Mu!

Ohun tó dún lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú ni wọ́n gbé e sí nítorí olè. Epo ti fẹ́ tán nínú rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí máìkì kú nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn alàgbà, ni wọ́n bá ń rọ epo sí i láìpa á! Iná sọ, ó bo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń rọ epo fò sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti jóná.

Gbogbo fèrèsé ló ní irin. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo ti tì í.

Mo sáré! Ní ọjọ́ orí mi yìí, nínú bàtà tuntun! Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ilẹ̀kùn nínú lọ́hùn-ún, èéfín ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, kò wọlé. Mo wá gbọ́ ohùn ìyàwó mi.

"Bàbá Tóbi! Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Ẹ ò rí i pé obìnrin yìí mọ̀ mí! Ó mọ̀ pé mo lè ti bínú lọ.

Mo ké pé, "Mo wà níbí! Mo wà níbí!"

Àgádágodo já. Wọ́n tú jáde bí omi. Ẹ ó bi mí pé ta ló kọ́kọ́ jáde? Alàgbà tuntun ni, Fẹ́mi. Mo fojú ara mi rí i! Ìyàwó mi ń ti àwọn ọmọdé síwájú, ẹ̀yìn wọn ló jáde. Mo sáré lọ ṣí ìkejì.

Nígbà tí mo yíjú, Sani ti ti kúrá rẹ̀ lọ sẹ́nu iná náà. Kò sẹ́ni tó rán an. Omi ló ń dà lu ilẹ̀kùn onípákó àti àjà òkè rẹ̀, kí iná má baà wọlé, ó ń pariwo "Wayyo Allah!", títí táyà kúrá fi gbiná, tó fi fi í sílẹ̀ sá.

Pásítọ̀ wá dì mọ́ mi. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run ní ìdí tí Ó fi fi mí sẹ́nu géètì. Tẹ́lẹ̀ kẹ̀? Mo wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, mi ò tíì gbà á. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó jẹ́ pé Pásítọ̀ ò mọ̀, mo ti wá rí i pé Ọlọ́run mọ̀.

Ká ní wọ́n pe orúkọ mi lọ́jọ́ náà, iwájú pẹpẹ ni ǹ bá kúnlẹ̀ sí, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò mi nínú ilé tí wọ́n tì láti ìta. Ẹ rò ó wò! Ká ní mi ò sì fura sí Sani, ǹ bá ti dé ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ìfura mi pọ̀, ẹ ti rí i báyìí. Ẹ̀yin tí wọ́n sì fò dá níbi iṣẹ́, nínú ẹbí, nínú ìjọ, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níta.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Wọ́n fi yín sẹ́yìn, ẹ sì wá rí ìdí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mà á kà á. Àmọ́ ẹ má purọ́ o, mà á mọ̀!

Ohun tó ṣòfò lọ́jọ́ náà nìyí. Ẹ̀mí, kò sí. Ọwọ́ èèyàn kan tó jóná, ó ti ń san. Jẹnẹrétọ̀ kan. Ilẹ̀kùn iwájú àti àjà òkè rẹ̀. Sípíkà méjì. Kúrá kan pẹ̀lú gbogbo kẹ́ẹ̀gì orí rẹ̀, tí kì í ṣe ti ìjọ.